Mi Ò Ní Dọ̀bálẹ̀ Nítorí Ẹ̀rọ Ata

Sátidé, lálẹ́

Bàbá Onítẹlifíṣàn lé mi jáde ní pálọ̀ rẹ̀ lónìí, mi ò sì ní bẹ̀ ẹ́.

Ètò ìpolówó ọjà ló bẹ̀rẹ̀, ẹ̀rọ tó ń lọ ata yẹn náà ni wọ́n tún gbé jáde. Ó ti tó ẹgbẹ̀rún ìgbà! Ata tó ti lọ á kún ọ̀sà wa títí dé ìlú Àjídò.

Ni mo bá kígbe pé, "Ẹ̀rọ, o káàbọ̀ o! Ọṣẹ dà?" Látìgbà tí ọṣẹ ti wọ́n, tí àwọn sójà tó ń ṣèjọba sì ní ká fara dà á, ewé ìbẹ́pẹ la fi ń fọṣọ.

Ìyá Màútin ẹlẹ́ja, tí òun náà wá wòran, fi tiẹ̀ kún un: "Ọṣẹ wo ni wọ́n tilẹ̀ fi ń fọ ẹ̀rọ ọ̀hún?" Ẹ̀rín fẹ́rẹ̀ẹ́ wó ilé.

Bàbá ò lè lé àgbàlagbà, èmi ló kọjú sí. "Ṣé bàbá ẹ ló rà á? Jáde! Àfi tó o bá wá dọ̀bálẹ̀ kó o tó tún wọ ibí."

Ọ̀la ni bọ́ọ̀lù tí mo ti ń retí, kò sì sí tẹlifíṣàn míì ládùúgbò. Ó dùn mí o...

Ṣùgbọ́n kí n dọ̀bálẹ̀ nítorí ẹ̀rọ ata? Láéláé! Abẹ́ fèrèsé rẹ̀ ni màá jókòó sí. Ojú mi ló lè lé jáde; kò lè lé etí mi.