Ta Ni Ẹnì Kẹta Nínú Mọ́tò Ẹlẹ́ni Mẹ́ta?

Ẹ kú ilé o, Bàbá mi. Láti Ṣàgámù ni mo ti dọ̀bálẹ̀ gbalaja, kí ẹ fojú inú wò ó pé iwájú yín gan-an ni àyà mi ti kan ilẹ̀ ní Ìlá. Mo kí Ìyá mi. Mo kí ìyàwó yín kékeré tó máa ń fi ẹran pamọ́ sínú ọbẹ̀ dè mí. Mo kí Bàbá Àgbà níbi tí wọ́n jókòó sí lábẹ́ igi ọsàn, mo sì kí Ẹ̀gbọ́n mi Dúpẹ́ àti ọkọ wọn. Kúnlé àbúrò mi náà, mo kí i. Òun gan-an ló fà á tí ẹ fi ń gbọ́ lẹ́tà yìí láti ẹnu ẹlòmíràn.

Ìròyìn tí mo fẹ́ sọ wúwo. Ẹ jọ̀wọ́, kí wọ́n gbé àga fún yín kí ẹ tó gbọ́ ọ, kí Ìyá mi sì jókòó tì yín. Fèrè mọ́tò wa ti kú. Ó ṣàìsàn díẹ̀, ohùn rẹ̀ ń há bí ti ewúrẹ́ tí òtútù mú, nígbà tí òjò sì bẹ̀rẹ̀, ó dákẹ́. A bẹ̀ ẹ́, a gbá a lẹ́ṣẹ̀ẹ́, kò jí.

Ẹ ó bèèrè ìdí tí mo fi gbé ọ̀rọ̀ ilé sínú ìwé ìròyìn. Kúnlé ló ń ka lẹ́tà fún yín, mo sì mọ bó ṣe ń kà á. Ibi tí mo bá ti ní kí ẹ bá mi kí i, á kà á lẹ́ẹ̀mejì. Ibi tí mo bá ti ní kí ẹ bá mi bá a wí, á ní omi ti kán sí i. Nínú lẹ́tà tí ẹ ní kí ó bá yín kọ kẹ́yìn, ẹ kí mi dáadáa, àfi bí ẹ ṣe dédé bẹ̀rẹ̀ sí í fi èdè òyìnbó sọ fún mi nísàlẹ̀ pé mọ́tò ẹlẹ́ni mẹ́ta ṣàǹfààní púpọ̀ fún ìdílé, pé Kúnlé àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ méjì ti rí ọ̀kan, pé kí n gbà yín níyànjú kí ẹ yọ̀ǹda owó kòkó. Bàbá, mi ò mọ̀ pé ẹ ti gbọ́ èdè òyìnbó tó bẹ́ẹ̀. Ìdí rèé tí mo fi gbé e síta. Bí Kúnlé bá fo ibì kan, tíṣà á kà á, onígbàjámọ̀ á kà á, ẹni tó bá fi ìwé náà di ẹ̀pà á kà á.

Ara mi le. Ní ilé iṣẹ́ sìmẹ́ǹtì tí mo wà, yàrá tí a ti ń dán sìmẹ́ǹtì wò ni wọ́n fi mí sí. Ohun tí ẹ rán mi lọ kọ́ ní Pólì ni pé kí n pò ó, kí n jẹ́ kó gbẹ, kí n wá fọ́ ọ. Wọ́n ń sanwó fún mi láti fọ́ ọ. Tó bá di ìrọ̀lẹ́, orí mi á funfun ju ti Bàbá Àgbà lọ, àwọn ọmọdé á máa kúnlẹ̀ kí mi. Tí mo bá ti wẹ̀, ọ̀wọ̀ náà á bá omi lọ. Òjò ibí kì í sọ fún ẹnikẹ́ni pé òun ń bọ̀. Ìyá onílé mi ní Ìjokù, ìjìnlẹ̀ Rẹ́mọ ni wọ́n fi ń bá mi sọ̀rọ̀, èmi náà á sì máa dáhùn pé bẹ́ẹ̀ ni, mà. Báyìí ni mo ṣe gbà láìmọ̀ pé èmi ni n ó máa kó ilẹ̀ gọ́tà títí tí n ó fi kó jáde. Lọ́jọ́ Ìsinmi, kò sí ẹni tí n ó bá jẹun. Ìdánìkanwà yìí ló mú mi bá Jídé àti Ràṣídì dọ́rẹ̀ẹ́, ọ̀rẹ́ náà ló sì mú mi dé ìdí mọ́tò.

Jídé ni àgbà wa. Ọmọ Ìpara ni, ibi iṣẹ́ kan náà la wà. Ràṣídì ló kéré jù, ọmọ oníṣòwò obì ní Ṣàgámù níbí. A dáwó jọ, a ra ògbólógbòó ìjàpá kan, mọ́tò kékeré tó gbé ẹ́ńjìnnì sẹ́yìn. A pín in: ọ̀sẹ̀ kan fún Jídé, ọ̀kan fún mi, ọ̀kan fún Ràṣídì. Láìsẹ́ǹsì Ràṣídì ló kọ́kọ́ jáde. Lẹ́yìn náà ló wá kọ́ mọ́tò.

Ó wá kan inṣọ́ránsì, ìwé tí ìjọba ní kí gbogbo onímọ́tò rà, kí ilé iṣẹ́ tó tà á lè bá a san owó fún ẹni tí mọ́tò rẹ̀ bá ṣe léṣe. Ọkùnrin kan ń bá àwọn ilé iṣẹ́ náà tà á lábẹ́ agboòrùn, lẹ́bàá ibi tí wọ́n ti ń gba nọ́ńbà mọ́tò. Ó bi wá bóyá odidi la fẹ́ àbí tẹ́ẹ̀dì pátì. Ẹ̀yin náà á ti rò pé ìnáwó ló ń sọ. Jídé bi í pé níbo ni wọ́n ti jẹ pátì kìíní àti ìkejì tí wọn ò fi pè wá. Ọkùnrin náà rẹ́rìn-ín, ó ní pátì tibí yìí, ènìyàn ni, pé tẹ́ẹ̀dì pátì ni ẹnì kẹta. Inú Ràṣídì dùn. Ó ní ẹni mẹ́ta kúkú ni wá, tiwa gan-an nìyẹn: Jídé lẹnì kìíní, èmi lẹnì kejì, òun tó kéré jù lẹnì kẹta, ìwé náà sì ti bo òun nìyẹn. Èmi tí mo jáde Pólì, mo mi orí. Ó bọ́gbọ́n mu. Ọkùnrin náà wò wá títí, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ ni, kò sọ pé bẹ́ẹ̀ kọ́. Ó ní kí a kọ orúkọ ẹnì kan ṣoṣo, kí ó jẹ́ ti ẹni tó dàgbà jù, nítorí àwọn ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì ń sá fún ọ̀dọ́ onímọ́tò bí ẹni ń sá fún ṣọ̀pọ̀ná, tí a bá kọ ti mẹ́tẹ̀ẹ̀ta, owó á gun òkè. A kọ orúkọ Jídé. A kí ara wa kú oríire.

Nígbà tí fèrè wá kú, gbogbo wa la mọ̀. Ọ̀sẹ̀ Jídé ló kú sí, ó ní ọ̀sẹ̀ òun ti fẹ́ẹ̀ tán. Nígbà tó kàn mí, mo ní èmi kọ́ ni mo pa á. Ràṣídì ní ṣé òun ọmọdé ló máa tún fèrè àwọn àgbà ṣe. Ẹ máa ń sọ fún wa, Bàbá, pé ewúrẹ́ tí ẹni mẹ́ta bá ni, orí ìso ni ebi ń pa á sí. Àwa dọ́gbọ́n tiwa. Ẹni tó bá ń wakọ̀ á yọ orí lójú fèrèsé, á ké àgò. Àwọn ará Òde Rẹ́mọ á dáhùn pé àgò yà, wọ́n á sì yà lóòótọ́. Wọ́n ń pè é ní mọ́tò ọmọlúàbí.

Ọ̀sẹ̀ Ràṣídì ni, ó ń bọ̀ láti Òde Rẹ́mọ. Ó gbé èrò, torí gbogbo wa la ń fi mọ́tò náà ṣe kabúkabú. Òjò dé. Àwọn èrò ní kí ó yí fèrèsé sókè, pé aṣọ àwọn ń tutù. Ó yí i sókè. Bàbá Múnírátù wà níwájú lórí kẹ̀kẹ́, ó di ewé tó ga ju òun fúnra rẹ̀ lọ sẹ́yìn, ewé tí àwọn oníṣòwò Ṣàgámù fi ń tẹ́ inú agbọ̀n obì. Oníbàárà ilé Ràṣídì ni. Ràṣídì sọ fún ọlọ́pàá pé òun rí i, pé ọwọ́ òun lọ síbi fèrè fúnra rẹ̀, kò dún. Ó ní òun ké àgò, àmọ́ inú mọ́tò ni àgò náà kù sí. Àwọn èrò ẹ̀yìn ló dá a lóhùn.

Bàbá Múnírátù kú kí wọ́n tó gbé e dé ọsibítù.

Ní àgọ́ ọlọ́pàá, sájẹ́ǹtì bèèrè ẹni tó ni mọ́tò. Kó tó dọjọ́ náà, ẹni mẹ́ta ló ń sọ pé mọ́tò òun ni fún gbogbo omidan tó wà láàárín Ṣàgámù àti Ìkẹ́nnẹ́. Jídé ní wọ́n kàn yá orúkọ òun lò ni. Èmi ní mo kàn máa ń wọ̀ ọ́ ni. Sájẹ́ǹtì ní kò burú, pé mọ́tò tí kò bá lólówó ṣì ní ẹni tó wà á. Wọ́n ti Ràṣídì mọ́lé.

Lọ́jọ́ kejì, èmi àti Jídé mú ìwé náà lọ sí ilé iṣẹ́ inṣọ́ránsì l'Ékòó. Akọ̀wé obìnrin kan tó ń jẹ gúgúrú ṣàlàyé fún wa bí ẹni ń kọ́ ọmọ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀. Ó ní ẹnì kìíní ni ẹni tó ra ìwé. Ẹnì kejì ni ilé iṣẹ́ tó tà á. Ẹnì kẹta ni ará ìta tí mọ́tò bá ṣe léṣe. Bàbá Múnírátù nìyẹn. Mo ní Ràṣídì wá ńkọ́. Obìnrin náà tún ìwé yẹ̀ wò, mo rí i pé ó fẹ́ ràn wá lọ́wọ́. Ó ní Jídé nìkan ni ìwé gbà láyè láti wa mọ́tò náà, fún ìlò ara rẹ̀, kì í ṣe láti fi gbé èrò. Ó ní Ràṣídì á jẹ́ ẹnì kẹrin, ìwé àwọn kò sì mọ ẹnì kẹrin. Nítorí pé ẹnì kẹrin ló wà á, kọ́bọ̀ kò ní dé ọ̀dọ̀ ẹnì kẹta. Ó kí wa pẹ̀lẹ́, ó padà sídìí gúgúrú rẹ̀.

Mo lọ síbi àdúrà ọjọ́ kẹta òkú náà. Jídé ní ibà ń ṣe òun. Mo jókòó lórí ẹní láàárín àwọn oníṣòwò obì. Bàbá Ràṣídì wà níbẹ̀, wọn ò gbójú sókè. Lẹ́mọ́mù ṣàdúrà, wọ́n pín àkàrà sàárà. Ìyá Múnírátù, ìyàwó olóògbé, ló gbé tèmi wá fúnra wọn. Wọn ò bú mi. Wọ́n ní àwọn gbọ́ pé mọ́tò wa ní ìwé, ìwé tó ń sanwó fún ẹni tí wọ́n bá kọlù, pé àwọn ọmọ wà nílẹ̀, kí èmi tí mo mọ̀wé bá àwọn wò ó, ìgbà wo ló máa jáde. Mo ní wọ́n ń yẹ̀ ẹ́ wò, mà. Àkàrà náà gbóná. Mo jẹ ẹ́.

Bàbá, mo ti wá mọ ibi tí wọ́n ti ń jẹ tẹ́ẹ̀dì pátì.

Ràṣídì ṣì wà ní àtìmọ́lé, ó ń dúró de kóòtù. Nígbà tí mo lọ wò ó, ó bi mí bóyá ọ̀sẹ̀ òun ti tún yí po dé. Mi ò mọ̀ bóyá àwàdà ni.

Ìyá mi á ti rí i pé owó òrùlé tí mo ṣèlérí kò dé. Ìyá Múnírátù ni mo gbé e fún. Mo ní ọ̀dọ̀ inṣọ́ránsì ló ti wá, pé èyí tó kù ń bọ̀. Wọ́n kúnlẹ̀, wọ́n ṣàdúrà fún ilé iṣẹ́ náà, pé kò ní bàjẹ́. Wọn ò mọ̀wé kà, kí ẹni tó ń ka èyí fún yín má lọ sọ fún wọn.

Nítorí náà, Bàbá, ẹ má yọ owó kòkó. Kúnlé, bí o bá ṣì ní mọ́tò ẹlẹ́ni mẹ́ta lo fẹ́, kí ẹ kọ orúkọ ẹ̀yin mẹ́tẹ̀ẹ̀ta sórí ìwé, kí ẹ sì san owó tó bá gbé wá. Tí owó yẹn bá ti pọ̀ jù, mọ́tò náà ló pọ̀ jù fún yín. Kẹ̀kẹ́ ni kí o máa gùn. Kẹ̀kẹ́ ní agogo. Agogo kẹ̀kẹ́ Bàbá Múnírátù kò fọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ ń fi ṣeré lójúde, mo sì máa ń gbọ́ ọ tí mo bá ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀.

Kí Ọlọ́run dá ẹ̀mí yín sí, kí ẹ jèrè gbogbo wa. Kí ọ̀nà tí ẹ bá ń gbà lọ sóko máa gbọ́ àgò yín, kí ẹ̀yin náà sì máa gbọ́ ti ẹlòmíràn. Ẹ má ṣe jẹ́ ẹnì kẹta nínú ìwé ẹnikẹ́ni. Ẹ bá mi kí gbogbo agboolé, ẹ kí àwọn ará oko, ẹ kí tíṣà tó ka èyí, ẹ sì bá mi fún un lómi mu.

Èmi ni ọmọ yín,
Adéwùmí.

ÌKÉDE FÚN GBOGBO ÈNÌYÀN

A fi èyí kéde pé mọ́tò ìjàpá kan wà fún títà ní Ìjokù, Ṣàgámù. Táyà rẹ̀ dára, iná rẹ̀ ń tàn, ó sì rọ ọ̀dọ́ mẹ́ta lọ́rùn láti pín. Inṣọ́ránsì rẹ̀ kò tíì parí. Ẹni tó bá fẹ́ rà á kí ó mú ẹnì kejì àti ẹnì kẹta rẹ̀ wá. Fèrè rẹ̀ fẹ́ àtúnṣe díẹ̀. Àwọn ẹbí ẹni tó kọ lẹ́tà òkè yìí kò lẹ́tọ̀ọ́ láti rà á.

Nípa àṣẹ àwọn olówó mọ́tò méjì tó ṣẹ́kù.