Eku Abẹ́lẹ̀ Ti Gba Koríko Yín

Sylwia ọmọ mi,

Ká kọ́kọ́ yanjú ti owó ná. Nínú igba złoty tí o ní kí n fi ra oògùn eku, ogójì ló ṣẹ́ kù, mo sì ti fi dí owó ẹyin tí ẹ kó lọ nígbà Kérésì. A ò jẹ ara wa ní gbèsè mọ́. Ẹ kú ọdún Àjíǹde o. Ṣé ara Hania ọmọ rẹ le? Ọkọ rẹ ńkọ́? Ọlọ́run á máa ṣọ́ yín ní títì Warszawa. Adìẹ ń yé, orúnkún mi nìkan ni kò gbọ́ràn.

Ọ̀rọ̀ koríko ni. O ní kí n hú ànàmọ́ mi, kí wọ́n tẹ́ koríko olówó tí wọ́n ká bí ẹní síbẹ̀, ká lè ṣe àsè lórí rẹ̀ lọ́jọ́ tí Hania máa kọ́kọ́ gba ara Olúwa. Mo gbà. Eku abẹ́lẹ̀ náà gbà. Ilẹ̀ tí mo ti ń da ìgbẹ́ màlúù sí látìgbà tí mo wọlé ọkọ, ekòló tí eku yìí ń jẹ sanra níbẹ̀, níbo lo fẹ́ kí wọ́n lọ? Gbogbo koríko náà ti di òkìtì iyẹ̀pẹ̀ tí wọ́n ń tú jáde. Ọ̀pá tí o fi ránṣẹ́ láti lé wọn, tó ń fi agbára oòrùn ké lábẹ́ ilẹ̀, ìdí rẹ̀ ni wọ́n kó òkìtì tó tóbi jù sí. Ó jọ pé ó ń pè wọ́n wá jẹun ni. Zenon aládùúgbò wa ri irin mọ́lẹ̀, ó fi ike omi dé e lórí kí atẹ́gùn máa lù ú pàkàpàkà. Èmi ni ò rí oorun sùn, eku sùn. Zenon ní kí n bi ọ́ bóyá koríko lẹ̀yin ará ìlú ńlá ń jẹ báyìí.

Kámẹ́rà tí ọkọ rẹ kàn mọ́ ògiri kí ẹ lè máa rí koríko láti ọ̀hún, mi ò fi ṣeré. Mi ò wọ bàtà oko kọjá níwájú rẹ̀. Mo ń kí ọ níbẹ̀ láràárọ̀. Mo gbé eku tí mo pa hàn ọ́, mo yí i síwá sẹ́yìn. Lọ́jọ́ Àjíǹde, mo gbé àga síbẹ̀, mo gé ẹyin tí fáda súre sí bí a ti ń gé e fún gbogbo ará ilé, mo na tìrẹ sí ọ, títí ọwọ́ fi ń ro mí. Lọ́jọ́ kejì lo pè, o ní koríko ti bàjẹ́, ilé oúnjẹ ní Warszawa lẹ máa ti ṣe àsè, àwọn òbí ọkọ rẹ sì ti gba àga. Ọmọ mi, o rí òkìtì, o ò rí mi.

Ó dáa. Iyẹ̀pẹ̀ tí eku tú jáde kúnná bí ìyẹ̀fun, mo ti ń gbin ànàmọ́ kọ̀ọ̀kan sínú òkìtì kọ̀ọ̀kan. Fi ọgọ́rin złoty ránṣẹ́ fún irúgbìn, torí òkìtì ń pọ̀ sí i. Ọlọ́run á jẹ́ kí Hania tọ́jú rẹ ju bí o ti tọ́jú èmi Wiesława ìyá rẹ lọ. Kọ ọ́ sínú ìwé bóyá mo ní àga níbi àsè ọmọ yẹn. Má fi kámẹ́rà dá mi lóhùn, kò lẹ́nu. Mò ń retí ìwé rẹ lọ́jọ́ Wojciech mímọ́, nínú oṣù Kẹrin yìí.