Ife Kọfí Tí Rima Bù Kún

Muflih ọmọ mi, kí àlàáfíà Ọlọ́run máa bá ọ gbé ní Amman níbẹ̀, kí ó má jẹ́ kí o yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn ilé gíga yẹn, kí ẹni tó ń gbé lókè orí rẹ má sì da omi lé ọ lórí. Ara mi le, orúnkún nìkan ló ń dùn mí. Rima, ìyàwó àbúrò rẹ Shaher, ló ń bá mi kọ ọ́, èmi ni mo ń sọ ọ́. Bí o bá rí ibi tí tàdáwà ti ràn, omijé rẹ̀ ni, nítorí ọ̀rọ̀ tiẹ̀ wà nínú rẹ̀, mo sì ti ní kó má fo ìkankan.

Mi ò lè pè ọ́ torí fóònù ti kú. Ọjọ́ tí ojú rẹ hàn nínú rẹ̀, mo gbé e sórí ẹní níbi tí àlejò ń jókòó, mo sì gbé kọfí sún mọ́ ọ lẹ́nu, ó dà sí i. Shaher ní wọn kì í bu kọfí fún fóònù. Mo ní ṣé kí ọmọ mi wá máa wò wá lẹ́nu ni.

O mọ bí ilé ṣe rí. Láti ìgbà tí Shaher ti ta abo ràkúnmí funfun bàbá rẹ, tó fi owó rẹ̀ ra mọ́tò akẹ́rù, wọn ò bá ara wọn sọ̀rọ̀ mọ́. Bàbá rẹ á ní kí n sọ fún ọmọ mi pé ewúrẹ́ ti wọ oko báálì, Shaher tó jókòó tì í á ní kí n sọ fún ọkọ mi pé òun ti rí wọn, èmi á ní kí ewúrẹ́ kúkú jẹ báálì náà tán kí n ráyè sinmi. Èyí tí kì í ṣe ẹ̀rín ni ikọ́ bàbá rẹ. Ẹ̀jẹ̀ ti wà nínú kẹ̀lẹ̀bẹ̀ rẹ̀. Mọ́tò Shaher nìkan ló lè gbé e dé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ma'an, bàbá rẹ sì ní òun ò ní gun owó ràkúnmí òun lọ síbì kankan.

Ìjì eruku ń jà nígbà tí ọkùnrin kan dúró lẹ́nu ọ̀nà, tí aṣọ rẹ̀ ò sì ní eruku kankan. Mi ò sọ pé malaika ni, ohun tí mo rí ni mo ń sọ. A fi í jókòó sáàárín bàbá rẹ àti Shaher, a ò béèrè orúkọ rẹ̀, torí a kì í bi àlejò ní orúkọ títí ọjọ́ mẹ́ta fi máa pé, a kì í sì í jà níwájú rẹ̀. Bó ṣe jókòó, kànga ẹ̀yìnkùlé tó ti gbẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í fún wa lómi. Mo ń bu ìyẹ̀fun, àpò ò fà. Mo kọ́kọ́ rò pé Rima ló ń rọ òmíràn sí i lẹ́yìn mi, ṣùgbọ́n ọ̀lẹ ni, kò lè ṣe é. Mo ní kó kọ ọ́ bẹ́ẹ̀.

Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀ púpọ̀, àwọn méjèèjì ló ń rojọ́ fún un. Bàbá rẹ sọ fún un pé ẹ̀yìn ràkúnmí yẹn ni òun gbé Shaher sí nígbà tí àkeekèé ta á ní kékeré, pé eré tó sá ni kò jẹ́ kí ọmọ náà kú. Shaher gbé búrẹ́dì ọwọ́ rẹ̀ sílẹ̀, ó sọ fún àlejò pé òun ò gbọ́ ọ rí. Ó ní torí àyà bàbá òun lòun ṣe ra mọ́tò, pé ràkúnmí ò lè sáré tó ikọ́ yẹn. Bàbá rẹ wá bi àlejò pé ṣé òótọ́ ni ohun tí ọmọ òun wí. Ọmọ òun ló pè é, kò pè é ní ọmọ tèmi nìkan mọ́.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kẹta, Shaher ṣí ìborí rẹ̀, ó dìde láti fẹnu ko bàbá rẹ̀ lórí, kó tọrọ àforíjì. Bàbá rẹ ti tẹ orí sílẹ̀ dè é, mo rí i. Inú Rima dùn débi pé ó sáré gbé kọfí wá láti fi dúpẹ́ lọ́wọ́ àlejò, ó sì bu ife náà kún dẹ́nu.

Nílé àwọn Rima ní Zarqa, ahun lẹni tó bá bu ife láàbọ̀. Níbí, ọmọ tó ń rá mọ̀ pé díẹ̀ la ń bù fún àlejò, kí a lè máa bù ú fún un lẹ́ẹ̀kan sí i. Ife tó kún, mu ún kí o máa lọ ni. Kò sẹ́ni tó sọ fún Rima, torí ta ló ń kọ́ èèyàn bí a ṣe ń mí? Ọkùnrin náà wo ife, ó wo Rima lójú, kò bínú, ó mu ún tán, ó dúpẹ́, ó mú ọ̀pá rẹ̀, ó jáde. A sáré tẹ̀lé e, a ò rí ojú ẹsẹ̀ rẹ̀ nínú iyanrìn. Nígbà tó di àárọ̀, garawa kànga ń bọ̀ sókè ní gbígbẹ.

Bàbá rẹ ní Shaher ló rán ìyàwó rẹ̀ pé kó lé àlejò òun, pé irú ẹ̀ ò ṣẹlẹ̀ lábẹ́ òrùlé òun rí. Shaher búra, Rima búra, èmi náà búra. Bàbá rẹ kọjú sí ògiri. Báyìí kò tiẹ̀ rán mi sí Shaher mọ́. Ó ń dùn mí, Muflih. Orí yẹn ti tẹ̀ sílẹ̀, ìṣísẹ̀ kan ló kù.

Shaher ní obìnrin kan wà nínú fóònù rẹ tó mọ ọ̀nà ibi gbogbo. Bá mi kí i, bi í bóyá ó pàdé ọkùnrin gíga kan tí aṣọ rẹ̀ mọ́. Bí kò bá rí i, sọ fún un pé kó má tijú, àwa náà wá a títí. Kọfí àti epo ti tán, nítorí náà fún wa lówó díẹ̀, ṣùgbọ́n má fi í sínú ẹ̀rọ ara ògiri ní Ma'an mọ́. Ó ní kí Shaher sọ nọ́mbà àṣírí rẹ̀ kó tó fún un lówó, mo ní a kì í sọ àṣírí fún ògiri.

Fọwọ́ ara rẹ mú owó náà wá. Bí o bá dé, má dárúkọ rẹ lẹ́nu ọ̀nà, má kí bàbá rẹ bí ọmọ. A ó tẹ́ ẹní fún ọ sáàárín òun àti Shaher. Bó bá tiẹ̀ dá ọ mọ̀, kò ní lè béèrè, kò sì ní lè jà níwájú rẹ. Kí ọjọ́ mẹ́ta tó pé, sọ pé ọ̀dọ̀ dókítà ní Ma'an lò ń lọ, pé o fẹ́ kí bàbá rẹ sìn ọ́. Onílé kì í kọ̀ láti sin àlejò, á gun mọ́tò náà. Kò ní ṣòro fún ọ. Ó ti pẹ́ tí o ti dàlejò nílé yìí.

Kí Ọlọ́run bùkún iṣẹ́ rẹ, kó ṣọ́ ọ lójú ọ̀nà, kó sì mú ọ dé kí ikọ́ náà tó dákẹ́.

Èmi ni, Ìyá Muflih.