Aṣọ Ìnura Tí Ẹ Fi Sílẹ̀ Lórí Àga

Ìyá mi ọ̀wọ́n,

Mo kúnlẹ̀ kí yín láti ibi tí mo wà. Ṣé ara yín le dáadáa? Ṣé orúnkún yín ti ń gbà kí ẹ tẹ ẹ̀rọ ìránṣọ? Mo bẹ Olúwa pé kí lẹ́tà yìí bá yín lórí ìjókòó, kì í ṣe lórí ibùsùn, kí ojú yín sì ríran kà á dópin. Bí ẹ bá rí ibi tí Yorùbá mi ti kọsẹ̀, ẹ dákun, ẹ bá mi dì í mú. Ilé ẹ̀kọ́ tí ẹ rán mi lọ lókè òkun kò kọ́ mi ní irú ọ̀rọ̀ tí mo fẹ́ bá yín sọ yìí.

Mo ti pè yín títí. Fóònù yín ń dún, ẹ kò gbé e. Àbúrò yín ló ní kí n fara balẹ̀: "Òrí ni ìyá rẹ, kì í ṣe òkúta. Tí oòrùn bá ta sí i, á yọ́." Mo ti ń wo ojú ọ̀run láti ọjọ́ náà.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nínú omi ni mo fẹ́ ṣàlàyé, nítorí ẹ kò dúró gbọ́. Ẹ rìnrìn àjò wá tìtorí ìrìbọmi mi. Ẹ rán aṣọ funfun náà fúnra yín, ẹ di irin wẹ́wẹ́ mọ́ inú ìṣẹ́tí rẹ̀ kí omi má baà gbé e sókè lójú gbogbo ìjọ. Ẹ jókòó níwájú, aṣọ ìnura lórí itan yín, nítorí nínú ìjọ wa, ẹni tó tọ́ ọmọ dàgbà nínú ìgbàgbọ́ ló ń dúró létí omi láti fi aṣọ gbà á bó bá ti ń jáde. Èmi náà ti pinnu pé Yorùbá ni màá fi dáhùn ìbéèrè alàgbà, kí inú yín lè dùn. Mo ti fi kọ́ra níwájú dígí: "Mo gbà á gbọ́ pẹ̀lú gbogbo ọkàn mi."

Alàgbà béèrè. Mo ní, "Mo gbà á gbọ́," n kò sì lè sọ èyí tó kù. Màmá, ká ní èdè ilé ìwé ni, ǹ bá ti sọ ọ́ tán láìronú. Ṣùgbọ́n Yorùbá ni ẹ fi máa ń sọ fún mi láti kékeré pé, "Wò mí lójú, ṣé òótọ́ lo ń sọ?" N kò lè fi í parọ́. Mo wò yín lójú, mo wá ní, "Kò dá mi lójú, sà. Ẹ̀rù ń bà mí." Mo gun àtẹ̀gùn jáde pẹ̀lú aṣọ tó gbẹ láti àyà lọ sókè.

Ẹ bá mi lẹ́nu ọ̀nà yàrá ìmúra. Ohun kan péré lẹ sọ: "Ṣé bí mo ṣe kọ́ ọ nìyí?" Ẹ gbé báàgì yín, ẹ lọ.

Kì í ṣe bí ẹ ṣe kọ́ mi, Màmá. Ẹ rántí ìgbà àìsàn bàbá mi. A gbààwẹ̀ títí ètè wa fi bó. Mo gbà pé wọ́n á dìde. Lọ́jọ́ tí a sin wọ́n, ẹ gbé orin ọpẹ́. Mo dúró lẹ́gbẹ̀ẹ́ yín, ẹnu mi ń mì, ohùn kankan ò jáde. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń fi ẹnu lásán bá yín kọrin. Ohun tó ń dùn mí ni pé n kò sọ ọ́ fún yín ní kọ̀rọ̀, títí ó fi di ohun tí ẹ̀yin àti àlejò jọ gbọ́.

Lẹ́yìn tí ẹ lọ, n kò fẹ́ rí ṣọ́ọ̀ṣì mọ́. Níbi iṣẹ́, níbi tí a ti ń gé gíláàsì awò ojú, alábàáṣiṣẹ́ mi tí à ń pè ní Aláwàdà gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó pariwo pé, "Ìwọ nìkan ni mo mọ̀ tó wọ omi láìwẹ̀! Arábìnrin Ó-ku-díẹ̀!" Wọ́n rẹ́rìn-ín, mo bá wọn rẹ́rìn-ín, ó sì dùn mí dé eegun. Bí mo ṣe tẹ̀ mọ́ ẹ̀rọ, tí mò ń ha etí gíláàsì kan kó lè dán, ni mo gbọ́ ohùn ara mi: "Olúwa, jẹ́ kí màmá mi délé láyọ̀. Má jẹ́ kí orúnkún yẹn dà wọ́n láàmú lọ́nà." Mo dá ẹ̀rọ dúró. Ta ni mò ń bá sọ̀rọ̀? Bí n kò bá gbà pé ẹnikẹ́ni ń gbọ́, kí ló dé tí mo fi ìyá mi lé E lọ́wọ́?

Mo padà tọ alàgbà lọ, mo sọ gbogbo rẹ̀, títí kan ti bàbá. Wọn ò bá mi wí. Wọ́n ní, "Ọmọ, ṣé wàá máa tẹ̀lé E?" Mo ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, sà, àmọ́ ẹsẹ̀ mi ń gbọ̀n." Wọ́n ní, "Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ń gbọ̀n náà ń rìn. Jẹ́ ká dúró de ìyá rẹ."

Màmá, mo kọ̀. Èyí ni mo kábàámọ̀ jù. Ẹ̀rù bà mí pé bí mo bá dúró, màá tún sá. Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, mo wọ aṣọ tí ẹ rán, mo ká aṣọ ìnura tí ẹ fi sílẹ̀ sórí àga yín níwájú. Mo dáhùn pé, "Mò ń tẹ̀lé E, pẹ̀lú ìwọ̀nba ọkàn tí mo ní." Wọ́n rì mí bọmi. Irin inú ìṣẹ́tí yẹn ṣiṣẹ́. Aṣọ ò gbéra rárá. Nígbà tí mo ń jáde, mo na apá méjèèjì síwájú kí n tó rántí pé kò sẹ́ni tó máa gbà mí. Arábìnrin kan sáré gbé aṣọ ìnura yín wá. Mo ní kí ó dá a padà sórí àga. Mo dúró, omi ń kán, títí atẹ́gùn fi gbẹ mí.

Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Àárọ̀ mìíràn wà tí mo máa kúnlẹ̀, tí n kò ní rí ọ̀rọ̀ kankan sọ. Ṣùgbọ́n mò ń kúnlẹ̀. Ẹ forí jì mí pé n kò tètè sọ fún yín. Ẹ forí jì mí pé n kò dúró.

Olúwa yóò dá yín sí fún mi. Yóò tu ẹsẹ̀ yín lára, yóò sì mú ọkàn yín rọ̀ sí mi. Ẹ óò pẹ́ fún wa.

Èmi ni,
Ọmọ yín obìnrin, tó ń gbọ̀n, tó sì ń rìn.

Àfikún: N kò tíì lo aṣọ ìnura náà o. Ó ṣì gbẹ, òórùn káńfọ̀ ìyẹ̀wù yín ṣì wà lára rẹ̀. N kò lè tún ìrìbọmi ṣe mọ́. Ṣùgbọ́n bí ẹ bá wá, màá bọ́jú, ẹ ó sì fi nù ún fún mi.