Omi Ọkọ̀ Tí Kì Í Kán Sílẹ̀

                                        Ojúlé Kẹrìnlá,
                                        Òpópónà Ẹ̀yìn Ilé-Ìwé.
                                        Ọjọ́ kẹsàn-án, oṣù Kẹta.

Ẹ̀gbọ́n mi àtàtà,

Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta o. Ṣé àlàáfíà ni gbogbo ilé wà? Báwo ni bàbá àwọn ọmọ, ṣé ẹ̀yìn tó ń dùn wọ́n ti fi wọ́n lọ́rùn sílẹ̀? Àti ọmọ ọwọ́ yín tó ti fẹ́ máa rìn báyìí, ṣé ó ti ń jẹ́ kí ẹ sùn? Àwa náà wà níbí, a ò rojọ́. Màmá ń jẹun, wọ́n sì ń bá mi jà, nítorí náà ẹ mọ̀ pé ara wọn le.

Mo rí lẹ́tà yín gbà. Ẹ ní kí n ta ọkọ̀ mi fún àwọn tó ń ra irin, kí n sì fi Màmá sílẹ̀ lórí ọ̀rọ̀ ojú wọn, pé àgbàlagbà tó bá ti ní òun ò ṣe iṣẹ́ abẹ, ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Mo ka lẹ́tà náà tán, mo ká a, mo fi sábẹ́ ìrọ̀rí, mo sì pinnu pé mi ò ní ṣe ìkankan nínú méjèèjì. Ẹ̀yin lẹ sọ mí ní Olóríkunkun láti kékeré, ẹ jẹ́ kí n jẹ́ orúkọ mi.

Ẹ mọ ohun tí dókítà ojú sọ. Ó ní àwọ̀ tó bo ẹyin ojú Màmá ṣeé mú kúrò, àmọ́ pé tí a bá ń fi falẹ̀, ìwọ̀nba òjìji tí wọ́n ṣì ń rí yìí náà lè lọ. Ó sì dá ọjọ́ iṣẹ́ abẹ fún wa. Ọsibítù yẹn jìnnà, orí òkè ló sì wà, àsìkò yẹn gan-an ni ọkọ̀ mi bẹ̀rẹ̀ sí í gbóná. Tá a bá ti rìn dé ìdajì ọ̀nà, abẹ́rẹ́ tó ń sọ bí ẹ́ńjìnnì ṣe gbóná tó á gòkè wọ ibi pupa, èéfín á sì máa rú níwájú. Ẹ̀ẹ̀mejì ni Màmá bá mi lọ fún àyẹ̀wò, ẹ̀ẹ̀mejèèjì la dúró lẹ́bàá ọ̀nà. Lẹ́yìn ìyẹn ni wọ́n ní àwọn ò lọ mọ́. Mo ní kí n wá takisí, wọ́n ní àwọn ò wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni. Mo bẹ̀bẹ̀ títí, wọ́n kọjú sí ògiri. Mo gbà pé ẹ̀rù ni, pé wọ́n gbóòórùn èéfín, wọ́n rò pé iná ló fẹ́ jó wa. Mo wá ní tí mo bá fi lè tún ọkọ̀ náà ṣe kó dá ṣáká, wọn ò ní rí àwáwí mọ́.

Púlọ́ńbà ni mí. Ibi tí omi ti ń jò nínú ògiri onílé ni mo fi ń jẹun. Ó wá di pé omi ń sọnù nínú ọkọ̀ èmi fúnra mi, mi ò sì mọ ibi tó ń gbà lọ. Àràárọ̀ ni mò ń da omi aláwọ̀ ewé tí wọ́n ń tà nínú kẹ́ẹ̀gì yẹn sínú rédíétọ̀, tó bá fi máa di alẹ́, ó ti fà. Mo tẹ́ páálí sábẹ́ ọkọ̀ mọ́jú, páálí gbẹ táútáú. Àwọn aládùúgbò bẹ̀rẹ̀ sí í fi mí ṣe yẹ̀yẹ́. Ẹni tí mo tún ẹ̀rọ omi balùwẹ̀ rẹ̀ ṣe ló bi mí bóyá ọkọ̀ mi ń mutí ni.

Mo gbé e lọ sọ́dọ̀ mẹkáníìkì wa, ẹni tí gbogbo àdúgbò ń pè ní Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀, torí tí ẹ bá bi í ìgbà tí iṣẹ́ máa parí, díẹ̀díẹ̀ ló máa wí. Ó mọṣẹ́, mi ò ní parọ́ mọ́ ọn. Ó kọ́kọ́ tẹ róbà òkè tó ń gbé omi wọ rédíétọ̀, ó ní ó ti rọ̀ jù, ó pààrọ̀ rẹ̀. Ọkọ̀ tún gbóná. Ó yọ irin kékeré tó ń ṣílẹ̀kùn fún omi tí ẹ́ńjìnnì bá ti móoru, ó sè é nínú ìkòkò lójú mi bí ẹni ń se ẹyin, ó là bó ṣe yẹ kó là. Ó dá a padà. Ó wo fáànù, ó ń yí. Ó wo ọ́ìlì bóyá omi ti dà pọ̀ mọ́ ọn, ọ́ìlì mọ́, ó ní ẹ́ńjìnnì ò là nínú nìyẹn. Gbogbo ìgbà tí a bá ti ṣe nǹkan kan, màá délé, màá sọ fún Màmá pé ọkọ̀ ti dára, wọ́n á ní mo ṣeun, àwọn ò lọ. Nígbà tó yá, Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ ní ká pààrọ̀ rédíétọ̀ pátápátá. Mo ní rárá, a kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa làpálàpá. Mo ní omi kì í dédé sọnù, ó ní ibi tó ń lọ, mo sì máa rí ibẹ̀ kí ọjọ́ dókítà tó pé.

Bí mo ṣe ń ṣe é nínú ilé ni mo ní ká ṣe é. Tí mo bá ń wá páìpù tó lu nínú ògiri, mo máa ń ti gbogbo ẹnu ẹ̀rọ, màá fún atẹ́gùn sí i, màá máa wo abẹ́rẹ́ páǹpù. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ ní irú páǹpù bẹ́ẹ̀ tí wọ́n ń dé mọ́ ẹnu rédíétọ̀. Eruku ti bò ó. A jẹ́ kí ẹ́ńjìnnì tutù pátápátá, torí ẹni tó bá ṣí ìdérí yẹn nígbà tó gbóná, omi á bó onítọ̀hún lójú. A dé páǹpù, a fún un. Abẹ́rẹ́ gòkè, ó dúró díẹ̀, ó wá ń sọ̀ kalẹ̀ bí ẹni tó ń tòògbé. Omi ń jáde níbì kan nìyẹn. A dojú bolẹ̀ wo abẹ́ ọkọ̀, kò sí ẹ̀kán kan. A fi tọ́ọ̀ṣì wo gbogbo róbà, wọ́n gbẹ. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ ń họrí. Ó rẹ̀ mí, mo ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀gbẹ́ kejì, mo jókòó síbi tí Màmá máa ń jókòó, mo bọ́ bàtà kí ẹsẹ̀ mi lè sinmi.

Omi ni mo tẹ̀. Mo tún fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ mọ́lẹ̀, omi ru jáde láàárín ìka ẹsẹ̀ mi. Wọ́n ní ẹni tó bá da omi síwájú ni yóò tẹ ilẹ̀ tútù. Èmi ò da nǹkan kan o. Mo fa kápẹ́ẹ̀tì sókè, abẹ́ rẹ̀ rin gbingbin, ó ní àwọ̀ ewé, òórùn rẹ̀ dùn bíi ti ṣúgà. Mo ki ọwọ́ sábẹ́ dáṣíbọọ̀dù, ó ń kán sí mi lọ́wọ́. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ ní hítà ni. Ẹ̀gbọ́n mi, ọkọ̀ àtijọ́ wọ̀nyí ní rédíétọ̀ kékeré kan lẹ́yìn dáṣíbọọ̀dù, tó ń mú inú ọkọ̀ móoru nígbà òtútù. Omi gbígbóná ẹ́ńjìnnì ń gba inú rẹ̀ kọjá, ẹ tan hítà o, ẹ ò tan án o. Òun ló lu. Inú ọkọ̀ ni omi ń jò sí, ta ló sì máa ń wá omi ẹ́ńjìnnì lábẹ́ ẹsẹ̀ èrò? Òun náà ló ń mú kí gíláàsì iwájú ṣú, tí mò ń fi aṣọ nù ún lójoojúmọ́ láìronú.

Inú mi dùn débi pé mo fẹ́rẹ̀ẹ́ jó. Àmọ́ bí mo ṣe jókòó síbẹ̀, ọ̀rọ̀ mìíràn sọ sí mi lọ́kàn. Lẹ́yìn ìrìn àjò kejì yẹn, Màmá ò jẹ́ kí n di àwọn mú wọlé. Wọ́n ti ara wọn mọ́ balùwẹ̀, wọ́n pẹ́ níbẹ̀. Láti ìgbà yẹn ni ìbọ̀sẹ̀ funfun wọn ti ń wà lẹ́yìn ilẹ̀kùn, wọ́n á fọ̀ ọ́, wọ́n á sá a, wọ́n á tún mú un lọ fọ̀. Wọ́n tiẹ̀ ní kí n bá àwọn wá ọ̀rá tí àwọn máa tẹ́ sórí bẹ́ẹ̀dì. Mo bi wọ́n pé kí ni wọ́n fẹ́ fi ṣe, wọ́n ní kí n gbájú mọ́ tèmi.

Ẹ̀gbọ́n mi, omi lílọ́wọ́ọ́wọ́ ló ń kán sí ìyá wa lẹ́sẹ̀, wọn ò sì ríran. Wọ́n rò pé àwọn tọ̀ sára ni. Ìdí tí wọn ò fi fẹ́ wọ ọkọ̀ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Ó tẹ́ wọn lọ́rùn kí ojú fọ́ ju kí ọmọ wọn ọkùnrin mọ̀. Mo sunkún nínú ọkọ̀ yẹn, Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ sì rò pé ayọ̀ ni.

A yọ róbà méjèèjì tó ń gbé omi lọ sí hítà, a so wọ́n pọ̀ kí omi má wọ inú ibẹ̀ mọ́, a lé atẹ́gùn jáde, a da omi kún un. Mo wà á gun òkè ọsibítù, mo wà á bọ̀, abẹ́rẹ́ dúró láàárín kò mira. Kápẹ́ẹ̀tì nìkan ni mi ò jẹ́ kí wọ́n fọ̀.

Bí èèyàn ṣe ń sọ irú ọ̀rọ̀ bẹ́ẹ̀ fún ìyá rẹ̀ ni mi ò mọ̀. Tí mo bá ní mo mọ̀, ojú á tì wọ́n. Tí mo bá dákẹ́, wọ́n á fọ́jú. Mo fà wọ́n lọ́wọ́ jáde, wọ́n ń kùn. Mo ṣí ilẹ̀kùn ọkọ̀, mo ní kí wọ́n bẹ̀rẹ̀, mo gbé ọwọ́ wọn lé kápẹ́ẹ̀tì, mo ní kí wọ́n gbóòórùn ọwọ́ wọn.

Mo ní, "Màmá, ẹ bá mi bá ọkọ̀ yìí wí. Láti ọjọ́ yìí ló ti ń tọ̀ sí yín lẹ́sẹ̀, ẹ ò sì sọ fún mi."

Wọ́n tún gbóòórùn ọwọ́ náà. Wọ́n wá ń fọwọ́ tẹ kápẹ́ẹ̀tì náà kiri, láti etí dé etí, wọ́n sì bi mí bóyá ó dá mi lójú pé inú ọkọ̀ ló ti ń jáde. Mo ní ọwọ́ ara mi ni mo fi gbà á.

"Kì í ṣe èmi," ni wọ́n wí, àmọ́ èmi kọ́ ni wọ́n ń bá sọ̀rọ̀. Wọ́n tún un wí. "Kì í ṣe èmi."

Wọ́n jókòó sétí ìjókòó náà, wọ́n rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. Wọ́n bú ọkọ̀, wọ́n bú Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀, ó wá kàn mí, pé púlọ́ńbà tí omi ń jò lábẹ́ imú rẹ̀. Mo bi wọ́n pé kí ló dé tí wọn ò fọwọ́ kan ìjókòó, wọn ì bá ti mọ̀ pé ó gbẹ. Wọ́n ní ẹ̀rù ba àwọn láti fọwọ́ kàn án. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bi mí pé ọjọ́ wo ni dókítà yẹn dá. Mo ní Ọjọ́bọ̀. Wọ́n ní ká tètè jáde o, pé àwọn ò fẹ́ pẹ́ dé ibẹ̀.

Àwọn fúnra wọn ló ní kí n kọ gbogbo rẹ̀ sí yín, kí ẹ má lọ gbọ́ ọ láàbọ̀. Ẹ bá mi kí bàbá àwọn ọmọ, ẹ sì bá mi fa ọmọ létí pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. Ọ̀gá Díẹ̀díẹ̀ kí yín. Màmá kí yín, wọ́n sì ní iṣẹ́ tí àwọn rán sí yín: tí wọ́n bá ti ṣí ojú àwọn, kí ẹ gbé ọmọ yẹn padà wá. Wọ́n ní nígbà tí ẹ gbé e wá, tí àwọn ń fọwọ́ pa á lójú, tí ẹ̀yin ń rẹ́rìn-ín pé ìfẹ́ ìyá àgbà ni, àwọn ò rí i ni.

Èmi ni àbúrò yín tí kì í gbọ́ràn,
Olóríkunkun.