Lékan Ni Mo Pè É, Mi Ò Sì Ní Dọ̀bálẹ̀

Bàbá mi,

Ẹ kú ilé o. Ẹ kú ọjọ́ mẹ́ta, ẹ sì kú ìbínú, nítorí mo mọ̀ pé inú ń bí yín. Inú ń bí èmi náà. Mo kí màámi, mo kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin àti ọkọ wọn, mo kí àwọn àbúrò mi, mo kí gbogbo ará ilé wa ní Gbọ̀ngán tí wọ́n ti gbọ́ pé èmi Gbádébọ̀ ti di aláìlẹ́kọ̀ọ́ ní Benin. Inú ìwé ìròyìn ni mo kọ lẹ́tà yìí sí, kì í ṣe inú àpòòwé. Lékan tí a jọ ń gbá bọ́ọ̀lù ló kọ́kọ́ gbé ọ̀rọ̀ náà síta. Ó rò ó níbi ìpàdé àwa ará ìlú tó wà níbí, ó tún fi fóònù rò ó fún yín. Ẹ jẹ́ kí àwọn tó ti gbọ́ apá kan gbọ́ apá kejì.

Ní ọjọ́ Àìkú tí ẹ pè mí, ẹ ò béèrè àlàáfíà mi. Ẹ ní bí ìpàdé oṣù tó ń bọ̀ bá jókòó, kí n dọ̀bálẹ̀ gbalaja fún Lékan lójú gbogbo wọn, kí n sì ṣèlérí pé n kò ní pe orúkọ rẹ̀ lásán mọ́ láéláé, ì báà ṣe lórí pápá. Ẹ ní bí n kò bá ṣe é, kí n má wulẹ̀ wá sílé ọdún Kérésì, pé ilẹ̀kùn yín kò ní ṣí fún mi. Ẹ ní ẹnu àìmẹ́nu, ètè àìmétè, ló ń mú ọ̀ràn bá ẹ̀rẹ̀kẹ́. Lẹ́yìn náà ẹ pa fóònù. Bàbá mi, ẹ ò fojú kan ibi tí a ti ń gbá bọ́ọ̀lù wa rí. Ẹ gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan, ẹ dá a. Bẹ́ẹ̀ ẹ̀yin lẹ kọ́ wa pé àgbà òṣìkà ló ń gbọ́ ẹjọ́ ẹnìkan dá.

Ẹ jẹ́ kí n là á yé yín. Àwa márùn-ún la máa ń wà lórí pápá básíkẹ́ẹ̀tì lẹ́ẹ̀kan náà, àwọn tí a ń bá gbá á náà jẹ́ márùn-ún. Bí bọ́ọ̀lù bá wà lọ́wọ́ tiwọn, kálukú wa ló ní ẹni tó ń ṣọ́, kó má baà ju bọ́ọ̀lù sínú àwọ̀n wa. Bí a ṣe ń ṣọ́ àwọ̀n wa yìí ni ìjà náà dá lé lórí.

Nọ́ńbà kìíní ni Lékan. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó pàdé ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù bọ̀ láti ọ̀ọ́kán, kó má jẹ̀ẹ́ kó rímú mí. Mi ò ní purọ́ mọ́ ọn. Ọwọ́ rẹ̀ yá. Ó lè já bọ́ọ̀lù gbà lábẹ́ àtẹ́lẹwọ́ èèyàn, kí onítọ̀hún ṣì máa fi ọwọ́ lu afẹ́fẹ́. Ṣùgbọ́n orúnkún òsì rẹ̀ kò dára mọ́. Bí ẹni tó ń ṣọ́ bá gba ọ̀tún, yóò mú un. Bó bá gba òsì, ẹ̀yìn rẹ̀ ni Lékan yóò máa wò. Gbogbo wa la mọ̀, kò sì sẹ́ni tó jẹ́ sọ ọ́, torí òun ni balógun ẹgbẹ́.

Nọ́ńbà kejì ni Osaze, ọmọ Benin gan-an. Ẹsẹ̀ kì í ro ó. Á lé èèyàn yí pápá ká bí ẹni ń lé adìẹ ọdún. Àléébù tirẹ̀ ni pé kò sí ẹ̀tàn tí kì í jẹ. Ẹ ṣáà ṣe bí ẹni fẹ́ ju bọ́ọ̀lù, Osaze ti fò sókè, kó sì tó balẹ̀, ẹ ti kọjá lábẹ́ rẹ̀. Ọmọ Urhobo ni nọ́ńbà kẹta wa. Apá rẹ̀ gùn, àárín méjì ló ti máa ń gba bọ́ọ̀lù tí wọ́n bá jù síra wọn. Àmọ́ bí bọ́ọ̀lù bá ti jìnnà sí i, àwọn òǹwòran ló máa ń wò. Ọmọ Ìgbò ló wà ní nọ́ńbà kẹrin, ó le bí odó, kò sẹ́ni tó lè tì í kúrò lábẹ́ àwọ̀n. Inú rẹ̀ ló máa ń tètè bí jù. Kí eré tó dé ìdajì, rèfìrí á ti fọn fèrè fún un títí, wọ́n á ní kó lọ jókòó.

Èmi ni nọ́ńbà karùn-ún. Èmi ni mo wà lẹ́yìn pátápátá, lẹ́nu àwọ̀n, pẹ̀lú gíga tí ẹ máa ń sọ pé yóò ba òrùlé yín jẹ́. Ẹni tó bá gbé bọ́ọ̀lù wá síwájú mi, á gbé e padà. Bí ẹni tí mò ń ṣọ́ bá dúró lókèèrè ló máa ń ṣòro fún mi, torí mo máa ń pẹ́ kí n tó jáde sí i. Ẹsẹ̀ nìyẹn, a lè fi iṣẹ́ tún un ṣe. Ẹnu ni àléébù mi tó burú.

Ẹni tó wà lẹ́yìn ló ń rí gbogbo pápá, bàbá mi. Àwọn mẹ́rin tó wà níwájú kò lè rí ohun tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Àwọn tí à ń bá gbá á máa ń mú ọ̀kan nínú wọn wá dúró bí ògiri lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹni tó ń ṣọ́ bọ́ọ̀lù, kí onítọ̀hún lè sá kọlù ú, kí ẹni tó ń gbé bọ́ọ̀lù sì ráyè kọjá. Èmi ni mo gbọ́dọ̀ kígbe. Orúkọ ẹni, apá ibi tí ewu wà, ó tán. Ọjọ́ kan kò sí tí akọ́nimọ̀ọ́gbá wa, ará Ẹ̀dó kan tí kò mọ ẹ̀rín, kò ní pariwo mọ́ mi nígbà ìdánrawò pé, “Big man, talk! Na you dey see!”

Mò ń kígbe. Mò ń pe Osaze, mò ń pe àwọn yòókù. Bó bá ti kan Lékan, ahọ́n mi á wúwo. Ó fi ọdún méje jù mí, bàbá rẹ̀ àtẹ̀yin jọ ń jẹun nínú abọ́ kan ni, òun ló sì mú mi wá sínú ẹgbẹ́ yìí. Ohun tí mo máa ń wí ni pé, “Ẹ̀gbọ́n Lékan, ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo apá òsì yín.” Kí n tó dé orí “ẹ jọ̀ọ́,” àyà rẹ̀ ti gbá ògiri, ẹni tó ń ṣọ́ ti lọ. Gbogbo ẹgbẹ́ tí a bá pàdé ló padà mọ̀ pé apá òsì Lékan ni ọ̀nà wà. Èmi ni mo máa ń sá fi ẹni tèmi sílẹ̀ láti lọ dí i, wọ́n á sì ju bọ́ọ̀lù sí ẹni tí mo fi sílẹ̀. Wọ́n ní mi ò mọ bọ́ọ̀lù gbá. Wọ́n fi mí jókòó nínú ìdíje mẹ́ta. Ẹ̀kọ́ ilé tí ẹ kọ́ mi ni mò ń tọ́jú nígbà gbogbo yẹn, ihò tó wà nínú odi wa sì nìyẹn.

Ẹ má rò pé ìgbádùn ni mo wà níbí. Upper Sakponba ni mò ń gbé. Bí òjò bá rọ̀, a máa ń ká ṣòkòtò sókè ká tó lè jáde. N ó lọ sí Santana Market, n ó ra iṣu, n ó sè é, èmi nìkan ni n ó jẹ ẹ́. Ilé Lékan ní Uwasota ni ibì kan ṣoṣo tí mo ti ń sọ Yorùbá lẹ́yìn ìsìn ọjọ́ Àìkú. Àwọn ọmọ rẹ̀ gbọ́ ọ, Píjìn ni wọ́n fi ń dáni lóhùn, ṣùgbọ́n ìyàwó rẹ̀ máa ń bá mi sọ̀rọ̀ ilé títí ilẹ̀ á fi ṣú. Ìyẹn náà ti dópin báyìí, ó sì dùn mí.

Ìdíje tó kẹ́yìn sáà ni ọ̀rọ̀ náà ti ṣẹlẹ̀. Ẹgbẹ́ tí wọ́n bá nà lọ́jọ́ náà yóò já sí ìpele ìsàlẹ̀. A fi àmì kan ju àwọn àlejò wa lọ, ó sì ku bí ìgbà téèyàn mí lẹ́ẹ̀mẹ́wàá. Bọ́ọ̀lù wà níwájú Lékan. Mo rí ògiri náà tó ń rìn bọ̀ lápá òsì rẹ̀. Mo rí i kedere. Mo ní tí mo bá tún wí “ẹ jọ̀ọ́” lónìí, a kú. Mo la ẹnu, mo ké: “Lékan! Òsì!”

Ó gbọ́, bàbá mi. Ó gbọ́ dáadáa. Ó yíjú, ṣùgbọ́n kì í ṣe sí òsì. Èmi ló yíjú sí. Ó ranjú mọ́ mi, ó ń wá ẹni tó pe òun lórúkọ. Ẹni tó ń ṣọ́ gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, mo sáré jáde, ọwọ́ mi ò bá a. Bọ́ọ̀lù wọlé, àmì méjì lẹ́ẹ̀kan, wọ́n sì borí wa. Fèrè dún. Nínú yàrá tí a ti ń pààrọ̀ aṣọ, Osaze ń sunkún. Lékan ò sọ nǹkan kan nípa bọ́ọ̀lù. Ó bi mí pé ìgbà wo ni mo di ẹgbẹ́ òun.

Àgbà wà lọ́jà, orí ọmọ tuntun wọ́, wọ́n ní kí ọmọ tuntun wá tọrọ àforíjì.

Akọ́nimọ̀ọ́gbá ti pè mí. Ó ní a ó gbìyànjú láti gòkè padà, òun kò sì ní lé Lékan. Ó ní ká ní mo ti ń pe orúkọ ẹni yẹn láti ọjọ́ kìíní, etí rẹ̀ ì bá ti mọ́ ọn. Òótọ́ ni. Ẹ̀bi tèmi nìyẹn, mo gbà á, ó sì ń jẹ mí lọ́kàn ju èébú tí ẹ bú mi lọ. Ó ní bí mo bá tún pa ẹnu mọ́, kí n wáṣẹ́ míì. Ṣé ẹ rí i báyìí? Ìlérí tí ẹ ní kí n ṣe níwájú ìpàdé, iṣẹ́ mi ló máa gbà. Owó tí mo fi ń ránṣẹ́ sílé, ẹnu yìí ló ń pa á.

Mi ò ní dọ̀bálẹ̀ fún Lékan. Bí mo bá pàdé rẹ̀ lójú títì, n ó kí i bí àgbà. Lórí pápá, Lékan ni n ó máa pè é, títí yóò fi mọ̀ pé òsì ló yẹ kóun wò.

Bàbá mi, ẹ̀yin náà ẹ sọ ìtàn kan fún wa rí, ẹ sì ń rẹ́rìn-ín bí ẹ ti ń sọ ọ́. Nínú oko kòkó yín, paramọ́lẹ̀ ká jọ sínú ewé gbígbẹ, ẹsẹ̀ yín ti gbéra láti tẹ̀ ẹ́. Màámi, tí kò pe orúkọ yín rí láti ọjọ́ tí ẹ gbé wọn níyàwó, ké láti ẹ̀yìn pé, “Ọládélé! Ejò!” Ẹ ò yíjú wo ẹni tó pè yín. Ẹ fò. Ẹ ò ní kí wọ́n kúnlẹ̀ fún yín nírọ̀lẹ́ ọjọ́ náà.

Ẹ bá mi kí wọn dáadáa. Kí Ọlọ́run dá yín sí fún wa, kó fún yín ní ìlera, kó má sì jẹ̀ẹ́ kí ẹni tó bá rí ewu yín bẹ̀rù láti pè yín lórúkọ. Mò ń bọ̀ wálé ọdún Kérésì. Bí ẹ bá ti ilẹ̀kùn, n ó dọ̀bálẹ̀ síta, fún ẹ̀yin nìkan.

Èmi ni ọmọ yín,
Gbádébọ̀