Aṣọ Ìnura Rẹ Ti Padà Sáàárín Tiwa

Annika ọmọ mi,

Ṣé ara rẹ le? Ṣé òtútù Milwaukee ò pọ̀ jù? Kí Ọlọ́run máa bá mi ṣọ́ ọ ní ìlú tí aládùúgbò kì í kí ara wọn. Kókó abẹ́ ni mo tìtorí rẹ̀ kọ̀wé, torí mo ti wá mọ ohun tí ó jẹ́: èéhù kéékèèké tí kì í sábà dunni ni, tí ó ń yọ lójú ara tàbí nídìí nígbà tí kòkòrò àrùn kan tí ojú ò lè rí bá ti ara ẹlòmíràn bọ́ sára ẹni nígbà ìbálòpọ̀. Kì í ṣe èpè, kì í sì í ṣe ìdọ̀tí.

Àlàáfíà la wà. Fóònù tí o rà fún bàbá rẹ ń ka ìṣísẹ̀ wọn, wọ́n sì ti so ó mọ́ ọrùn màlúù dúdú, wọ́n ní kí òun náà mọ iye tirẹ̀. Tí o bá pè tí o gbọ́ èémí, òun nìyẹn.

Annika, nígbà tí o wálé fún ọdún Ọjọ́ Ìdúpẹ́ ní oṣù kọkànlá tí o sọ ohun tí dókítà rí lára rẹ fún mi, ohun tí mo ń ṣe fún ọmọ màlúù tí kókó yọ lẹ́nu ni mo ṣe. O mọ̀ pé okùn kan ṣoṣo lè kó o ran gbogbo wọn. Mo gbé aṣọ ìnura rẹ lọ sí yàrá ẹ̀yìn, mo ya ife sọ́tọ̀ fún ọ. O mu kọfí rẹ tán, o fọ ife náà, o wọ mọ́tò. Oṣù mẹ́ta rèé. Bí mo bá gbọ́ táyà lórí òkúta wẹ́wẹ́, mo máa ń sáré nuwọ́, kó tó di pé mo rí i pé ọkọ̀ tó ń kó wàrà ni.

Mo wá kó ìwé abẹ́rẹ́ àwọn màlúù wa, ti ọdún mẹ́wàá gbáko, lọ bá Nọ́ọ̀sì Tollefson ní ilé ìwòsàn ìlú wa, pé kí wọ́n fún ọ nírú èyí tí a ń gún fún màlúù. Wọ́n kà á tán, wọ́n ní ìwé mi mọ́ ju tàwọn lọ, ṣùgbọ́n wọ́n pè mí lórúkọ, wọ́n ní, “Darla, ọmọ yín kì í ṣe màlúù.” Wọ́n ní kì í ti ara ife, aṣọ ìnura tàbí àga ranni. Ara sí ara ni. Ó lè sá pamọ́ fún ọdún púpọ̀ kó tó yọ, nítorí náà má tíì bá Tobias ọ̀rẹ́kùnrin rẹ jà, kò sẹ́ni tó lè búra pé ọ̀dọ̀ rẹ̀ ló ti wá. Rọ́bà ìdáàbòbò ń dín in kù, àmọ́ kò bo gbogbo ibẹ̀. Abẹ́rẹ́ àjẹsára ń dènà rẹ̀, kò ní wo èyí tó ti yọ sàn. Mo ti mú Greta àbúrò rẹ lọ gbà á. Ó ní kí n sọ fún ọ pé òun ò sunkún. Irọ́ ni.

Wọ́n ní oògùn ìpara wà, àti afẹ́fẹ́ olómi tó tutù débi pé ó ń sun kókó náà. Inú mi dùn! Òun náà ló wà nínú agolo tí a ń tọ́jú àtọ̀ akọ màlúù sí, èyí tí a fi ń fún àwọn abo lóyún. Mo sọ fún Nọ́ọ̀sì pé kí o wálé, bàbá rẹ á ṣe é, ọwọ́ wọn dúró. Nọ́ọ̀sì fọwọ́ bojú, wọ́n ní ká má dán an wò láéláé. Bàbá rẹ ní kí n yé parọ́ mọ́ ọwọ́ òun, pé ó ti ń gbọ̀n láti ìgbà tí o ti lọ.

Owó epo tí mo máa ń bèèrè lọ́wọ́ rẹ fún oko, má fi ránṣẹ́. Fi ra epo mọ́tò, kí o fi wálé. Aṣọ ìnura rẹ ti wà láàárín tèmi àti ti bàbá rẹ. Ọlọ́run á mú ọ délé láyọ̀.

Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ Ajé, kọ́kọ́ pe ilé ìwòsàn rẹ. Má fi oògùn kókó ọwọ́ tí wọ́n ń tà ní ṣọ́ọ̀bù kàn án. Ní kí wọ́n tọ́jú rẹ, kí o bi wọ́n ìgbà tí àyẹ̀wò jẹjẹrẹ ọrùn ilé-ọmọ rẹ kàn, kí o sì sinmi ìbálòpọ̀ títí á fi jinná. Bí ó bá tún yọ, padà lọ. Má fi pamọ́ fún mi.

Ìyá rẹ,
Darla